Balùwẹ̀ Àlejò Ń Rùn Bí Ẹyin Tó Bàjẹ́: Kí Ni Kí N Ṣe?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin púlọ́mbà wa. Balùwẹ̀ kan wà nílé wa tó jẹ́ ti àlejò, a kì í sábà lò ó. Láti ìgbà tí ọyẹ́ ti dé ló ti ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́. Mo fi Izal fọ ilẹ̀, mo da Hypo sínú ihò omi, mo tún ju káńfọ̀ sí i. Òórùn náà á lọ fún ọjọ́ mélòó kan, á tún padà dé. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni, ìyá mi sì ń bọ̀ wá bá mi wẹ ọmọ. Yàrá yẹn gan-an ni mo fẹ́ fi wọ́n sí. Kí ni kí n ṣe? (Ìyá Ìkókó, Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìkókó, ẹ kú ewu ọmọ o. Ọlọ́run á dá a sí, á sì wò ó dàgbà fún yín.

Kí n tó sọ̀rọ̀ páìpù, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kó káńfọ̀ yẹn kúrò nínú ilé lónìí. Nínú àwọn káńfọ̀ funfun roboto tí wọ́n ń tà lọ́jà, naphthalene ló wà nínú ọ̀pọ̀ wọn. Àwọn ọmọ kan wà tí èròjà tó ń jẹ́ G6PD kò tó lára wọn láti inú ìyá wọn wá, irú wọn kò sì ṣọ̀wọ́n láàárín wa, pàápàá nínú àwọn ọmọkùnrin. Tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá ń fa káńfọ̀ símú, tàbí tí wọ́n bá wọ aṣọ tí káńfọ̀ wà nínú rẹ̀ fún un, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè máa bàjẹ́. Ẹyinjú rẹ̀ á pọ́n bíi ti ẹni tó ní ibà pọ́njú, ìtọ̀ rẹ̀ á dúdú, ó sì lè dé ọpọlọ. Tí ẹ bá rí i bẹ́ẹ̀, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ kíákíá. Ẹ bi àwọn nọ́ọ̀sì tó ń fún ọmọ yín lábẹ́rẹ́ nípa rẹ̀.

Ó wá ku òórùn. Kì í ṣe ìdọ̀tí orí táìlì ni, ìdí nìyẹn tí Izal kò fi rí i ṣe. Inú sókáwéè ló ti ń bọ̀. Tí ìgbẹ́ bá ń jẹrà níbi tí afẹ́fẹ́ kò dé, gáàsì tó ń rùn bí ẹyin bíbàjẹ́ máa ń jáde lára rẹ̀, á sì gba inú páìpù bọ̀ wá sílé. Omi ló ń dínà fún un. Lábẹ́ ihò ilẹ̀ balùwẹ̀ yín, páìpù náà tẹ̀ kọrọdọ, omi tó jìn tó ínǹṣì 2 tàbí 3 sì máa ń dá dúró síbẹ̀. Tráàpù la ń pè é. Omi ìwẹ̀ lè kọjá níbẹ̀, gáàsì kò lè kọjá. Alexander Cumming, ará Scotland, ló gba ìwé àṣẹ lórí irú páìpù yìí fún ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ní London lọ́dún 1775. Ọgbọ́n yẹn náà la ṣì ń lò dòní.

Balùwẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í wẹ̀, nínú ọyẹ́ tó ń bó èèyàn létè, omi tráàpù á gbẹ. Omi tí ẹ fi fọ ilẹ̀ ló ń kún un padà fún ìgbà díẹ̀, òun ló sì ń jẹ́ kí ẹ rò pé oògùn ṣiṣẹ́. Ẹ ṣí ìdérí ihò náà, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sí i. Tí ẹ bá rí omi tó ń dán, tráàpù kún. Tó bá jẹ́ ihò dúdú gbígbẹ ni, ẹ da omi bí ìdajì bọ́kẹ́ẹ̀tì sí i, lẹ́yìn náà kí ẹ da ṣíbí òróró 2 lé e. Òróró á léfòó, kò ní jẹ́ kí omi náà tètè gbẹ. Ẹ ṣí ẹ̀rọ omi bésììnì, kí ẹ sì fọ́ọ̀ṣì tọ́ílẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú. Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ tó títí ìyá yóò fi dé.

Ẹ dákun, ẹ má da Hypo pọ̀ mọ́ oògùn ìfọ-tọ́ílẹ́ẹ̀tì tó ní ásíìdì. Gáàsì tó ń jáde lára méjèèjì ń jó èèyàn lẹ́dọ̀fóró.

Tí omi tráàpù bá ń pòórá láàárín ọjọ́ kan, kì í ṣe ọyẹ́ ni. Ẹ wò bóyá irun tàbí okùn mọ́ọ̀bù há síbẹ̀: ẹyọ kan tó bá rọ̀ sí òdì kejì lè fa omi náà jáde bí òwú àtùpà ṣe ń fa epo. Tí kò bá sí, ó lè jẹ́ fẹ́ǹtì, páìpù tó yọ orí sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ inú àwọn páìpù ìdọ̀tí. Ẹyẹ lè kọ́ ìtẹ́ sí i, tàbí kí kápẹ́ńtà tó ṣe òrùlé ti gé e sínú àjà. Ẹ dúró sí balùwẹ̀ yẹn, kí ẹlòmíràn fọ́ọ̀ṣì tọ́ílẹ́ẹ̀tì kejì. Tí ihò ilẹ̀ bá ń dún gulu-gulu, fẹ́ǹtì ló dí: omi tó ń já bọ̀ ń fa ti tráàpù lọ. Ẹ wo ìdí tọ́ílẹ́ẹ̀tì náà, tí símẹ́ńtì funfun ibẹ̀ bá ti sán, òórùn lè gba ibẹ̀.

Tó bá sì jẹ́ pé sókáwéè ló kún, ọkọ̀ tó ń fa ìgbẹ́ ni kí ẹ pè. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ inú rẹ̀, ì báà jẹ́ ìṣẹ́jú kan. Tí gáàsì tó ń rùn bí ẹyin yẹn bá ti pọ̀, imú kò ní gbọ́ òórùn rẹ̀ mọ́, ẹni tó wọlé á rò pé ó ti lọ, á sì ṣubú síbẹ̀.

Tí ẹ bá ṣe gbogbo èyí tó ṣì ń rùn, ẹ pe púlọ́mbà, kí ẹ ní kó kọ́kọ́ gun òkè lọ wo orí fẹ́ǹtì kó tó fọ́ táìlì kankan.