Àyà tó ń sáré lẹ́yìn ọdún gbọọrọ tí wọ́n ti tún ọkàn ṣe

Ẹ kú ìdààmú ọmọ, mà. Ẹ ní láti kékeré ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ Tetralogy of Fallot (àìsàn ọkàn tí wọ́n ń bí mọ́ ọmọ: ihò wà nínú ọkàn, ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ sí ẹ̀dọ̀fóró sì há) fún ọmọbìnrin yín, ara rẹ̀ dá ṣáṣá títí ó fi wọ yunifásítì, àfi bí àyà rẹ̀ ṣe ń ṣàdédé sáré báyìí, dókítà sì ní ìrònú ìdánwò ni. Fallot ni wọ́n bí èmi náà mọ́. Lọ́ńdọ̀n níbí ni wọ́n ti ṣe tèmi, mo sì gbọ́ “ìrònú ni” yẹn títí ó fi sú mi, kí wọ́n tó rí i pé atrial flutter ni, ìyẹn ni pé yàrá òkè ọkàn ló ń sáré sódì.

Ihò ni wọ́n máa ń ṣàlàyé fún òbí, wọn kì í sọ̀rọ̀ àpá. Kí wọ́n tó lè dí ihò yẹn, wọ́n ní láti la ọkàn, wọ́n sì sábà máa ń lẹ nǹkan mọ́ ojú ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Ibi tó bá jinná á di àpá, iná tó ń mú ọkàn lù kì í sì í gba inú àpá kọjá. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló máa ń gbà. Tó bá bọ́ sí ọ̀nà tóóró kan, ó lè máa yí po bí ọlọ́kadà tí kò ríbi yà sí ní ráńdábáòtù. Tí fáàfù, ìyẹn ilẹ̀kùn ẹ̀jẹ̀ tó wà lọ́nà ẹ̀dọ̀fóró, bá tún ń jò, apá ọ̀tún ọkàn á máa fẹ̀ sí i lọ́dọọdún. Ìdí nìyẹn tí wàhálà yìí fi lè pẹ́ kó tó dé.

Ohun tó ń tan àwọn dókítà jẹ ni pé flutter tiwa kì í fi bẹ́ẹ̀ yára. Ó lè má ju 120 ní ìṣẹ́jú kan lọ, ẹni tó bá wò ó á ní ìbẹ̀rù ni. Àmọ́ ìbẹ̀rù máa ń lọ sókè sódò. Tèmi kì í yẹ̀: mo jókòó, 120, mo gun àtẹ̀gùn, 120 náà ni. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ lójijì ló ń dáwọ́ dúró lójijì. Àǹtí mi kan n'Íbàdàn ní kí n wá gba àdúrà. Mo gbà á, mo sì tún lọ ṣe ECG, àyẹ̀wò tó ń ya bí iná ọkàn ṣe ń lọ sórí bébà.

ECG yẹn, ìgbà tí àyà bá ń sáré lọ́wọ́ ni kí wọ́n ṣe é. Kí ọmọ yín ti mọ ibi tí wọ́n ti ń ṣe é nítòsí iléèwé, kó má sì gbà tí wọ́n bá ní kó kọ́kọ́ jókòó sinmi ná. Kó fi fóònù ya bébà náà, torí ojú rẹ̀ máa ń ṣá. Ẹ tọ́jú èyí tí wọ́n ṣe nígbà tí ara rọlẹ̀ náà: láàárín àwa oní-Fallot, tí QRS (ibi tó ń fi hàn lórí ECG bí iná ṣe pẹ́ tó kó tó tàn ká yàrá ìsàlẹ̀ ọkàn) bá fẹ̀ tó 180 millisecond, dókítà ọkàn ò gbọ́dọ̀ fojú kékeré wò ó.

Ṣùgbọ́n tí òòyì bá ń kọ́ ọ, tàbí tó dákú, kó má wá ibi ECG kankan o. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá lójú ẹsẹ̀. Tó bá jẹ́ yàrá ìsàlẹ̀ ọkàn ló ń sáré, ó lè pa èèyàn.

Ní tèmi, wọ́n fún mi lóògùn oorun, wọ́n fi iná dá ìlù ọkàn padà sípò. Nígbà tó yá, wọ́n ti wáyà gba itan wọlé, wọ́n jó ojú ọ̀nà tí iná yẹn ń gbà. Fáàfù ni wọ́n máa pààrọ̀ fún ẹlòmíì, wọ́n á gbé ICD, ẹ̀rọ kékeré tó ń fi iná dá ìlù ọkàn padà, sí ẹlòmíì láyà. Tí wọ́n bá fún un ní amiodarone, oògùn tó ń mú ìlù ọkàn dọ́gba, kí wọ́n máa yẹ thyroid rẹ̀ (ẹṣẹ́ ọrùn) wò, kó sì sá fún oòrùn.

Ẹ wá ìwé iṣẹ́ abẹ ìgbà yẹn jáde, mà. Tí wọ́n bá kọ “transannular patch” síbẹ̀, ìyẹn ni pé ohun tí wọ́n lẹ gba ojú fáàfù ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró kọjá, ẹ fi han dókítà ọkàn, kí ẹ sì bi í bí fáàfù ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró ṣe ń jò tó, àti bí apá ọ̀tún ṣe fẹ̀ tó.