Sténlẹ́ẹ̀sì Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ àti Bọ́tìnì "Pulse"

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń fi páànù sténlẹ́ẹ̀sì tí ó nípọn mìlímítà 1.5 ṣe agbada ìyan-gààrí. Bí mo bá gbé iná sí áńpíà 70, ojú ibẹ̀ á lu, páànù á sì wọ́; bí mo bá sọ̀ ọ́ sí 40, ojú nìkan ni yóò yọ́, ẹ̀yìn kò ní í lẹ̀ mọ́ra. Ẹ̀rọ TIG tí mo fi ń jó irin pọ̀ ní bọ́tìnì tí wọ́n kọ "Pulse" sí. Ṣé ó lè gbà mí?

Ìdáhùn: Ó lè gbà yín, bí ẹ bá mọ ohun tí ó ń ṣe. Sténlẹ́ẹ̀sì kì í tètè gbé ooru kúrò lójú kan; bí ó ṣe ń gbé e kiri kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ti irin lásán lọ, bẹ́ẹ̀ ni, bí ó bá gbóná, ó ń fẹ̀ tó ìlọ́po kan àtààbọ̀ ti irin lásán. Ooru tí ẹ dà sójú ìsopọ̀ á jókòó síbẹ̀, adágún irin yíyọ́ á máa fẹ̀ sí i bí ọwọ́ yín ṣe ń lọ, títí yóò fi já sísàlẹ̀.

Pulse kì í jẹ́ kí iná dúró sí ìwọ̀n kan. Iná á ta sókè, á yọ́ irin dé ẹ̀yìn. Á wálẹ̀ sí ìwọ̀n tí ó kàn tó kí ó má baà kú, adágún náà á sì dì díẹ̀ kí ìtasókè mìíràn tó dé. Ẹ fi òkè sí áńpíà 85, ìsàlẹ̀ sí 20, kí ó wà lókè fún ìdá 40 nínú 100 àkókò. 85 ní ìdá 40 jẹ́ 34, 20 ní ìdá 60 jẹ́ 12; àròpọ̀ wọn, 46, ni iná tí páànù yín ń jẹ gan-an, ṣùgbọ́n 85 ni ó ń wọlé dé ẹ̀yìn.

Ẹ jẹ́ kí ó máa ta lẹ́ẹ̀kan sí ẹ̀ẹ̀mejì ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ó bá ta, ẹ ti wáyà 308L, ìyẹn wáyà sténlẹ́ẹ̀sì tí à ń yọ́ sójú ìsopọ̀, bọ̀ ọ́. Bí ó bá wálẹ̀, ẹ sún ọwọ́ síwájú, ojú rẹ̀ á tò bí ìpẹ́ ẹja. Àwọn kan á ní kí ó máa ta ju ìgbà 100 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìyẹn ń mú kí iná ṣóńṣó, kò sì burú, àmọ́ kì í fún adágún náà láyè láti dì, dídì yẹn gan-an ni ẹ sì ń wá. Èmi náà ti ba páànù jẹ́ kí n tó mọ̀.

Pulse kò lè dí àlàfo o. Bí ẹ bá rí ìmọ́lẹ̀ láàárín páànù méjèèjì, ẹ tún un gé. Ẹ kọ́kọ́ fi iná tò ó mọ́ra ní ẹyọ ẹyọ, ẹ fi bàbà pẹlẹbẹ tì í lẹ́yìn kí ó máa fa ooru, kí ẹ sì jẹ́ kí gáàsì ágọ́ọ̀nù, tí kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ kan irin gbígbóná, dé ẹ̀yìn náà, nítorí oúnjẹ ni yóò máa kan án: ibi tí ó bá dúdú tàbí tí ó ní eérú ni yóò kọ́kọ́ dípẹtà.

Ẹ dán an wò lórí àfọ́kù páànù, kí ẹ sì yí i padà. Ìlà tóóró tí ó pọ́n bí koríko gbígbẹ ni ẹ fẹ́ rí. Bí ó bá ṣì ń lu, ẹ má tíì fọwọ́ kan 85 yẹn. Ẹ dín ìdá 40 kù sí 35.