Ìbéèrè wọn ni kí o kọ́kọ́ kọ́

Àbúrò, o ní o ti parí ẹ̀kọ́ físíìsì, o fẹ́ bọ́ sínú bàọ́lọ́jì, o wá ń béèrè bóyá kí o kọ́kọ́ há gbogbo tíọ́rì wọn sórí kí o tó wọlé. Ọ̀nà yẹn gan-an ni mo gbà, ó sì gba nǹkan bí ọdún mẹ́ta lọ́wọ́ mi. Kì í ṣe tíọ́rì ni kò yé mi. Ó yé mi yékéyéké. Ohun tí mi ò mọ̀ ni ìbéèrè tí wọ́n torí rẹ̀ gbé e kalẹ̀.

Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún mi dá lórí àwọn ẹja kéékèèké tó máa ń wẹ̀ lọ́wọ̀ọ́wọ́, tí ọgọ́rùn-ún wọn á ṣẹ́rí padà lẹ́ẹ̀kan náà. Mo gbé e ka orí ìṣirò: ẹja kọ̀ọ̀kan kò fẹ́ kọlu èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò fẹ́ jìnnà sí àwọn yòókù, ibi tí wọ́n bá sì kọjú sí lòun náà ń kọjú sí. Craig Reynolds, onímọ̀ kọ̀ǹpútà, ti lo irú òfin mẹ́ta bẹ́ẹ̀ fún ẹyẹ orí kọ̀ǹpútà lọ́dún 1987. Èmi wọn ìrìn ẹja gidi, mo fi wé ti orí kọ̀ǹpútà mi, wọ́n bára mu. Inú mi dùn kọjá sísọ. Mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo sì fi í ṣe àkọlé pé mo ti rí ìdí tí ẹja fi ń rìn pọ̀.

Mo fi ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn ìmọ̀, wọ́n dá a padà. Mo tún un kọ, wọ́n tún dá a padà, ẹlẹ́ẹ̀kẹta náà kò yàtọ̀. Gbólóhùn kan náà ni gbogbo àwọn tó yẹ̀ ẹ́ wò ń sọ: iṣẹ́ yìí kò sọ ìdí kankan. Inú bí mi. Mo gbà lọ́kàn mi pé wọn ò gbọ́ ìṣirò ni. Ọdún kejì ti ń lọ sópin nígbà tí màmá kan tó ti pẹ́ nínú iṣẹ́ náà jókòó tì mí, tó bi mí pé, "Bí ẹja kan bá dá wẹ̀, kí ló máa ṣẹlẹ̀ sí i?" Mo ní ìyẹn ò sí nínú iṣẹ́ mi. Màmá náà ní, "Ohun tí wọ́n ń bi ọ́ nìyẹn."

Màmá yìí kan náà ló fi ohun tí Niko Tinbergen, onímọ̀ nípa ìṣe ẹranko, kọ lọ́dún 1963 hàn mí. Ó ní bí a bá béèrè ìdí tí ẹranko fi ń ṣe nǹkan, ìbéèrè mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Kí ló wà lára rẹ̀ àti láyìíká rẹ̀ tó ń mú un ṣe é báyìí? Báwo ni ìṣe náà ṣe ń dàgbà pẹ̀lú rẹ̀ láti kékeré? Kí ni ó ń ṣe é láǹfààní, tí yóò fi yè, tí yóò sì fi bímọ? Báwo ló ṣe bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn baba ńlá rẹ̀? Ìdáhùn ọ̀kan kò lè dípò èkejì. Ẹyọ kan ni mo dáhùn, èyí àkọ́kọ́, mo sì ń bá àwọn tó ń béèrè ẹ̀kẹta jà.

Tẹ́tí sí èdè wa fúnra rẹ̀. Bí mo bá ní ẹnì kan ń sáré nítorí ejò, ẹ̀yìn ni "nítorí" yẹn ń wò. Bí mo bá ní ó ń sáré nítorí ẹ̀bùn, iwájú ló ń wò. Físíìsì ti kọ́ èmi àtìwọ láti gbàgbé èyí tó ń wo iwájú, ó sì tọ̀nà bẹ́ẹ̀, nítorí òkúta kì í jábọ́ kó lè rí nǹkan gbà. Àṣà yẹn ni mo gbé wọ ilé onílé láìmọ̀.

Àpẹẹrẹ tí mo máa ń fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde. Lọ́dún 1910, dókítà kan ní Chicago, James Herrick, kọ̀wé nípa aláìsàn tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní sẹ́ẹ̀lì tó tẹ̀ bíi dòjé. Ìbéèrè oníṣègùn ni tirẹ̀: kí ló ń ṣe ẹni yìí? Ní 1949, Linus Pauling àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi iná mànàmáná dá hemoglobin aláìsàn, èròjà tó ń gbé oxygen kiri nínú ẹ̀jẹ̀, mọ̀ yàtọ̀ sí ti ẹni tó dá ṣáṣá. Ní 1957, Vernon Ingram fi hàn pé ìyàtọ̀ náà kò ju amino acid kan ṣoṣo lọ, ìyẹn ẹyọ kan lára àwọn èròjà kéékèèké tí wọ́n so pọ̀ di hemoglobin. Lójú onímọ̀ kẹ́místrì, ọ̀rọ̀ parí. Ṣùgbọ́n ní 1954 Anthony Allison ti ń lépa nǹkan mìíràn ní Ìlà Oòrùn Áfíríkà: bí jíìnì tó ń fa àìsàn yìí bá ń pa ọmọdé, kí ló dé tí kò tíì pòórá? Ó rí i pé ẹni tó jogún rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ òbí kan péré ní ààbò lọ́wọ́ ibà màláríà. Jókòó ti hemoglobin fún ogún ọdún, kò ní sọ ìyẹn fún ọ, nítorí ìdáhùn rẹ̀ kò sí nínú hemoglobin. Ó wà nínú ẹ̀fọn, nínú ìbí àti ikú àìmọye èèyàn. Bẹ́ẹ̀ ni ìdáhùn Allison kò lè dín ìrora aláìsàn kan kù lálẹ́ òní. Mi ò mọ ẹ̀ka tí mo lè pè ní ọ̀gá nínú wọn.

Àwa ará físíìsì sì níṣòro kan tó jẹ́ tiwa. Lọ́dún 1862, Kelvin, onímọ̀ físíìsì, ṣírò iye ọdún tí ayé ti lò: bọ́ọ̀lù gbígbóná kan, báwo ni yóò ṣe pẹ́ tó kó tó tutù dé bó ṣe wà yìí? Ó ní kò dín ní mílíọ̀nù 20 ọdún, kò ju mílíọ̀nù 400 lọ, nígbà tó sì yá ó tún fà á wálẹ̀. Àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ àti òkúta ń ti ẹ̀yìn mìíràn wò ó: báwo ni òjò àti odò ṣe gbọ́dọ̀ pẹ́ tó kí wọ́n tó lè jẹ òkè run? Ọ̀pọ̀ nínú wọn tẹrí ba fún Kelvin nítorí ìṣirò rẹ̀ mọ́ tónítóní. Ìṣirò náà kò ṣẹ̀. Ohun tó fi sílẹ̀ láìbéèrè ló ṣẹ̀: ó gbà pé bí ooru ṣe ń gba inú irin tó dúró sójú kan náà ló ṣe ń gba inú ayé. John Perry, tó ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀ rí, sọ ọ́ ní 1895 pé bí inú ayé bá ń gbé ooru jáde dáadáa jùyẹn lọ, ọjọ́ orí ayé yóò pọ̀ ní ìlọ́po-ìlọ́po. Ní 1956, Clair Patterson fi òjé inú òkúta tó já bọ́ láti òfurufú ṣírò rẹ̀: bílíọ̀nù 4.55 ọdún. Tíọ́rì Kelvin lọ. Ìbéèrè àwọn tó ń wo òkè àti odò ṣì wà lọ́wọ́ wọn títí dòní. Mo máa ń rántí wọn bí mo bá rí ẹni tó ń fi ìṣirò pa ẹlòmíràn lẹ́nu mọ́, torí èmi náà ti ṣe é.

Nítorí náà, kí o tó ra ìwé tíọ́rì kankan, lọ jókòó sẹ́yìn níbi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ wọn. Má kọ ohun tí olùbánisọ̀rọ̀ ń sọ. Ohun tí àwọn tó jókòó ń bi í lẹ́yìn náà ni kí o kọ, bí wọ́n ṣe bi í gan-an, láìtún un ṣe sí èdè físíìsì. Oṣù mẹ́fà ni mo fi ṣe é. Lóṣù kẹta ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé ọ̀rọ̀ kan náà, "ó ṣe pàtàkì", kò jọ ara wọn lẹ́nu wa. Lẹ́nu mi, ó túmọ̀ sí pé òfin náà bá ibi púpọ̀ mu. Lẹ́nu wọn, ó túmọ̀ sí pé ó yí ẹni tó máa yè àti ẹni tó máa kú padà.

Ìwé kékeré tí mo ń kọ ìbéèrè wọn sí yẹn ló mú mi dé ọ̀dọ̀ iṣẹ́ W. D. Hamilton, onímọ̀ bàọ́lọ́jì tó dábàá ní 1971 pé ẹranko lè rọ́ jọ nítorí pé ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ́ fi èkejì bo ara rẹ̀ lójú apẹranjẹ. Mo padà sórí ìṣirò mi, mo wá ń béèrè ẹja tí wọ́n ń kọ́kọ́ mú, ti etí ni àbí ti àárín. Iṣẹ́ àtijọ́ náà kò ṣòfò. Wọ́n gbà á nígbà kẹrin tí mo fi ránṣẹ́, ìṣirò kan náà, àwòrán kan náà. Àkọlé ni mo yí: mo yọ "ìdí tí" kúrò, mo fi "bí" síbẹ̀.