Míṣọ́nnárì tí mo rà fúnra mi ló ba ẹ̀sìn mi jẹ́

Ẹ ní ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ dá ẹ̀sìn sílẹ̀ nínú eré kọ̀ǹpútà Civilization VI, pé síbẹ̀ ó ń parẹ́ lójú yín, ó sì ti ku ìlú kan ṣoṣo tó ṣì di ẹ̀sìn yín mú. Ó ti ṣe mí rí. Lọ́jọ́ tó ṣe mí, èmi gan-an ni mò ń bá ọ̀tá ṣiṣẹ́, n kò sì mọ̀.

Rọ́ṣíà ni mo mú. Lavra wọn, tó dípò Holy Site (àdúgbò ìjọsìn inú ìlú), kì í jẹ iṣẹ́ púpọ̀ láti kọ́, ilẹ̀ tundra (ilẹ̀ olótùútù) tí wọ́n bá sì ní máa ń mú ìgbàgbọ́ wá, ìyẹn ohun tí a fi ń ra àwọn oníwàásù bí owó. Èmi ni mo kọ́kọ́ rí Wòlíì Ńlá, ẹni tó ń jẹ́ ká lè dá ẹ̀sìn sílẹ̀, mo dá ẹ̀sìn sílẹ̀, mo bá fọwọ́ lérán. Ìgbà tó yá, Àpọ́sítélì Sípéènì mẹ́ta, àwọn oníwàásù tó lè jà, yọ lẹ́yìn òkè, wọ́n ń bọ̀ ní olú-ìlú mi. Mo rí wọn. Mo ní ṣebí a kò bá ara wa jà, kí wọ́n máa rìn. Nígbà tí ìlú kejì náà bẹ̀rẹ̀ sí í mì, mo sáré ra míṣọ́nnárì méjì ní olú-ìlú, mo rán wọn lọ síbẹ̀, mo tẹ bọ́tìnì ìwàásù. Àmì tó yọ lórí ìlú náà kì í ṣe tèmi. Ẹ̀sìn Sípéènì ni àwọn méjèèjì gbé lọ wàásù, ìgbàgbọ́ tí èmi fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kó jọ ni mo sì fi rà wọ́n.

Ohun tí n kò mọ̀ nígbà yẹn ni pé ẹ̀sìn inú eré yìí kì í ṣe ti ọba, ti ìlú ni. Pé ẹ̀yin lẹ dá a sílẹ̀ kò kan ìlú kankan. Ẹ̀sìn tí àwọn ará ìlú bá ń ṣe jù ní ibi tí ẹ ti ra míṣọ́nnárì, òun ni míṣọ́nnárì náà máa gbé jáde. Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ: ẹ wo àmì tó wà lára orúkọ ìlú kí ẹ tó ra ohunkóhun níbẹ̀. Mi ò kí ń fi ìyẹn ṣeré mọ́.

Ọ̀rọ̀ ìlú mímọ́ yín, ibi tí ẹ ti dá ẹ̀sìn sílẹ̀, tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo ìlú ló ń ti ẹ̀sìn rẹ̀ sára àwọn ìlú tó wà láàárín táìlì 10 (àwọn ojú ilẹ̀ tí a pín ilẹ̀ eré náà sí) sí i, láìsí pé ẹnì kan wàásù. Ti ìlú mímọ́ lágbára ní ìlọ́po 4. Tó bá bọ́ lọ́wọ́ yín, àwọn ìlú kéékèèké tó yí i ká á máa tẹ̀ lé e díẹ̀díẹ̀, ẹ ò sì ní mọ ìgbà tí wọ́n lọ.

Ní báyìí, tí mo bá ti kọ́ Temple, ilé tó ń jẹ́ ká lè ra Àpọ́sítélì, Àpọ́sítélì àkọ́kọ́ tí mo bá rà kì í lọ wàásù níbì kankan. Inquisition ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀. Ó máa ń dunni, torí pé Àpọ́sítélì náà á run síbẹ̀, owó rẹ̀ kò sì kéré. Àmọ́ látìgbà náà lọ, ẹ lè máa ra Inquisitor, àwọn yìí ló sì ń gbá ẹ̀sìn àjèjì dànù nínú ìlú yín. Ilẹ̀ yín nìkan ni wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ yẹn, ilẹ̀ yín náà ni iná sì ti ń jó.

Ẹ má fi míṣọ́nnárì dúró de Àpọ́sítélì. Kò lè kọlu ẹnikẹ́ni, wọ́n á kàn nà án títí á fi kú ni. Àpọ́sítélì ni kí ẹ fi kojú Àpọ́sítélì. Tó bá bọ́ sí i pé ẹ rí Debater mú nínú àwọn ẹ̀bùn tí wọ́n bá gbé síwájú yín, ẹ mú un, agbára 20 ló ń fi kún ti ìjà. Ẹ jà nítòsí Holy Site yín, torí ibẹ̀ lẹni tó bá fara gbọgbẹ́ ti ń rí ìwòsàn. Èyí tó bá kú, gbogbo ìlú tó wà láàárín táìlì 10 ló máa gbọ́: ẹ̀sìn tiẹ̀ á pàdánù ipá 250 níbẹ̀, ti ẹni tó borí á sì jèrè iye kan náà. Ìjà kan ṣoṣo báyìí ti dá ìlú méjì padà fún mi rí, láìsí ìwàásù. (Tí ogun bá ti wà láàárín yín, ọmọ ogun lásán náà lè pa wọ́n. Mo mọ ẹni tó ń kéde ogun torí ìyẹn nìkan. Èmi kì í ṣe é, wàhálà ẹ̀yìn rẹ̀ pọ̀ jù.)

Ẹ tún béèrè bóyá kí ẹ yí orílẹ̀-èdè padà. Kò pọn dandan. Ẹ sáà yẹra fún Kóńgò ti Mvemba a Nzinga tó bá jẹ́ pé ẹ̀sìn tiyín lẹ fẹ́ dá sílẹ̀, wọn ò lè dá a sílẹ̀ rárá.

Ní ti eré tó wà nílẹ̀ yìí, tí ìlú tó kù yẹn bá ní Holy Site àti Shrine (ilé tó ń jẹ́ ká lè ra míṣọ́nnárì), nǹkan ò tíì bàjẹ́. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti ra míṣọ́nnárì méjì, kí ẹ tó ra ohunkóhun mìíràn, kí ìlú náà tó yí padà. Ẹ má kọ́kọ́ gbé wọn lọ sí ìlú mímọ́, wọn ò ní tó o. Ìlú kékeré tó bá sún mọ́ ọn jù ni kí ẹ kọ́kọ́ gbà padà, tí ìyẹn bá ti dúró, ẹ wá máa kó ìgbàgbọ́ jọ de Temple.