Ásíìdì bátìrì dà sílẹ̀: kí ni ká dà lé e?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ìjẹ̀bú-Òde ni mo ti ń ṣáàjì bátìrì. Ní àná, ásíìdì dà sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, ọmọ iṣẹ́ mi sì da Jik lé e kí ilẹ̀ lè mọ́. Èéfín kan bá ń ta wá ní imú àti ojú, gbogbo wa sá jáde. Kí ló fà á? Kí ló yẹ ká máa lò?

Ìdáhùn: Sísá tí ẹ sá jáde yẹn ló yọ yín. Kílórínì wà nínú Jik. Tí ásíìdì bá ti kàn án, ó di gáàsì. Gáàsì yìí wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ìsàlẹ̀ ló ń kóra jọ sí. Bí ọmọ yẹn bá ṣì ń wúkọ́ tàbí tí kò lè mí dáadáa, ẹ má fi àgbo dá a dúró, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lónìí.

Eérú igi ni kí ẹ máa tọ́jú sí ṣọ́ọ̀bù. Ẹ bẹ àwọn tó ń yan gàrí kí wọ́n kó fún yín. Kó ti tutù, kó gbẹ. Irú eérú tí àwọn aláró ń sẹ́ omi rẹ̀ náà ni, ohun tó ń pa agbára ásíìdì wà nínú rẹ̀. Ẹ wọ́n ọn láti etí wá sí àárín. Á máa hó ṣùùṣùù. Tí kò bá hó mọ́, ẹ gbá a, kí ẹ tó fi omi ṣan ilẹ̀. Ẹ má kó o sínú bátìrì o! Funfun tó máa ń ṣẹ́kù lórí sìmẹ́ńtì, ẹbí POP àjà ilé ni.

Ike ni kí ẹ máa fi gba ásíìdì, kì í ṣe abọ́ àlùmíníọ́ọ̀mù, nítorí gáàsì tó lè gbaná ló ń yọ níbẹ̀.

Tí ẹ bá ra èyí tó le gan-an, tí omi rẹ̀ kò ju 2 nínú 100 lọ, omi ni kí ó kọ́kọ́ wà nínú ike, kí ẹ wá máa rọ ásíìdì sí i díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá da omi lé ásíìdì, omi á léfòó sókè, á hó lójijì, á sì ta sí yín lójú.

Tó bá kan ara, omi ẹ̀rọ tó ń ṣàn ni, fún ìṣẹ́jú 20, kì í ṣe eérú. Ẹ bọ́ aṣọ náà pẹ̀lú, kódà bó bá ti gbẹ: omi ló fò lọ, ásíìdì ṣì wà níbẹ̀, ó tún ń le sí i.