Èsì: Ojú inú ló ń yà wọ́n sọ́tọ̀, kì í ṣe títà orin

Ẹ ṣeun fún ìbéèrè yín, pé ṣé bí orin bá ṣe tà tó la fi ń mọ olórin tó ríran jìnnà. Rárá o. Ohun tí èmi máa ń wò ni pé lẹ́yìn tó kọrin tán, ṣé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣì lè máa ṣe é bí wọ́n ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀?

Ẹ wo Stevie Wonder, olórin ọmọ Amẹ́ríkà. Afọ́jú ni, àmọ́ ojú inú rẹ̀ là kedere. Nígbà tó pé ọmọ ọdún 21 ní 1971, kò gbà láti tọwọ́ bọ àdéhùn tuntun pẹ̀lú Motown, iléeṣẹ́ tó ń gbé orin rẹ̀ jáde, àfi ìgbà tí wọ́n fún un láṣẹ lórí orin rẹ̀. Ló bá wọ sítúdíò pẹ̀lú Malcolm Cecil àti Robert Margouleff, àwọn tó ni TONTO, sintẹsáísà ràgàjì kan, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fi iná mànàmáná ṣẹ̀dá ohùn orin. Ó fi ẹ̀rọ yẹn gbé ohùn báàsì jáde, ó sì mú kí irin àti wáyà máa ké bí ẹni tí ọkàn ń dùn. Títí dòní, tí mo bá gbọ́ ọ, ara mi a bù máṣọ.

Aṣọ àràbarà nìkan kò tó láti sọ olórin di ẹni tó ríran jìnnà, bó ti wù kó dùn ún wò. David Bowie, olórin ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, wọ̀ ọ́, lóòótọ́, ṣùgbọ́n ní 1999, nígbà tó ń sọ̀rọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì lórí tẹlifíṣọ̀n BBC, tí olóòtú sì ní ṣebí irinṣẹ́ lásán ni, Bowie ní rárá. Ó sì ti dá BowieNet, iléeṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì tirẹ̀, sílẹ̀ láti 1998.