"Rağmen" nìkan kò tó: ìdáhùn fún àbúrò tó ń túmọ̀ "although" sí èdè Tọ́kì

Àbúrò, mo ti ka ìbéèrè rẹ. O ní o ti parí ọdún tí wọ́n fi ń kọ́ èdè Tọ́kì, o sì ń múra YDS, ìdánwò èdè òkèèrè tí wọ́n ń ṣe nílẹ̀ Tọ́kì, ti Gẹ̀ẹ́sì ni tìrẹ, nítorí ètò ọ̀mọ̀wé tí o fẹ́ wọlé sí. O ní bí "although", "even though", "despite" àti "in spite of" bá ti yọjú, "rağmen" nìkan ló máa ń wá sí ọ lọ́kàn. O wá fẹ́ mọ̀ bóyá ó tó fún gbogbo wọn, àti ibi tí "even if" wà nínú ọ̀rọ̀ náà. O tún fi iṣẹ́ rẹ hàn wá: "Although she had not finished her thesis, she found a job", o sì túmọ̀ rẹ̀ sí "Tezini bitirmesine rağmen iş buldu."

Gbólóhùn tí o kọ yẹn ló jẹ́ kí n pa ohun tí mò ń ṣe tì kí n dá ọ lóhùn. Ohun tí ẹni tó bá ka Tọ́kì rẹ máa gbọ́ ni pé ọmọbìnrin náà ti parí ìwé ìwádìí rẹ̀. "Me" kan ló kù: "bitirmemesine rağmen". Ojú mi ti rí màbo nílẹ̀ yìí nítorí irú sílébù kan bẹ́ẹ̀, mi ò sì fẹ́ kí ó ṣe ọ́.

Kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó rọrùn. Nínú èdè tiwa, a ní "láìka òjò sí", a sì ní "bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òjò ń rọ̀". Ti àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ orúkọ ló tẹ̀ lé e. Ti ìkejì, odidi gbólóhùn ni. Gẹ̀ẹ́sì náà pín in bẹ́ẹ̀: despite àti in spite of fún ọ̀rọ̀ orúkọ, although, though àti even though fún gbólóhùn tó ní olùwà àti ọ̀rọ̀ ìṣe tirẹ̀. Ní ti Tọ́kì, "rağmen" kan náà lè ṣe iṣẹ́ méjèèjì, ohun tó ṣíwájú rẹ̀ ló ń yí padà. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ orúkọ, fi -a tàbí -e mọ́ ọn bí àǹkóò fáwẹ́lì bá ṣe fẹ́: "yağmura rağmen" (láìka òjò sí), "trafiğe rağmen" (láìka súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ sí), "her şeye rağmen" (láìka ohun gbogbo sí). Bó bá jẹ́ gbólóhùn, sọ ọ̀rọ̀ ìṣe di orúkọ pẹ̀lú -ma tàbí -me, fi ẹni tó ni ín hàn, kí o tó fi -a tàbí -e sí i: "yağmur yağmasına rağmen" (bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òjò ń rọ̀). O ti kọ́ ìyẹn ní kíláàsì, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀.

Ibi tí wọn kì í ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni ni pé -ma tó ń sọ ọ̀rọ̀ ìṣe di orúkọ àti -ma tó ń yí i sódì, ojú kan náà ni wọ́n ní. Bí o bá wá fẹ́ yí gbólóhùn sódì lábẹ́ "rağmen", méjèèjì máa tò tẹ̀lé ara wọn, bí ọ̀kan bá sì jábọ́, gbólóhùn náà ṣì máa dúró dáadáa lójú ẹni tó ń kà á. Kò ní ṣàṣìṣe gírámà kankan. Ìtumọ̀ rẹ̀ nìkan ló máa yí padà pátápátá.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi nìyí. Ìwé èsì ẹ̀kọ́ tí mo gbé wá láti ilé kò ní èdìdì lára, ilé ìwé mi sì kọ lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì lé e pé bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní èdìdì, ojúlówó ni. Ọ́fíìsì tí mo fẹ́ forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀ ní kí n lọ gba ìtumọ̀ Tọ́kì lọ́wọ́ yeminli tercüman, ìyẹn atúmọ̀ èdè tó ti búra, kí noter, òṣìṣẹ́ tó ń fi òǹtẹ̀ jẹ́rìí sí ìwé, sì fọwọ́ sí i. Mo ṣe bẹ́ẹ̀, mo sanwó. Ohun tí atúmọ̀ èdè náà kọ ni "Ekteki transkriptin mührü olmasına rağmen belge geçerlidir." Nígbà tí mo gbé e padà dé ọ̀hún, òṣìṣẹ́ tó gbà á fi bírò yí ọ̀rọ̀ kẹta àti ìkẹrin ibẹ̀ po, "mührü olmasına", ó yí ìwé èsì náà síwájú, ó yí i sẹ́yìn, ó ní "Mühür nerede?" Èdìdì dà? Lẹ́tà sọ pé èdìdì wà, ìwé kò ní èdìdì, ó di pé ayédèrú ni mo gbé wá.

Mo ṣàlàyé, kò gbọ́. Mo fi ojúlówó lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì hàn án, ó ní Tọ́kì tí noter fọwọ́ sí ni òun mọ̀. Mo padà sọ́dọ̀ atúmọ̀ èdè, ó ní kò sí ohun tó ṣe ìtumọ̀ òun, pé "rağmen" wà níbẹ̀, "rağmen" náà ni "although". Ẹni tó jókòó sórí àga atúmọ̀, tó ń gba owó lójú ewé kọ̀ọ̀kan, kò lè wo gbólóhùn kan kó rí i pé kò bọ́gbọ́n mu: ta ló ń sọ pé "bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé yìí ní èdìdì, ojúlówó ni"? Mo gbé e lọ bá olùkọ́ tó ń kọ́ wa ní èdè, pé kí ó sáà sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ fún mi. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní "zamanla alışırsın", tó bá yá màá mọ̀ ọ́n lára. Ọjọ́ ìforúkọsílẹ̀ sì ń lọ. Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, nítorí iṣẹ́ wọn ni, owó iṣẹ́ sì ni wọ́n gbà.

Nígbà tí mo délé, mo gé ọ̀rọ̀ náà sí wẹ́wẹ́ lórí bébà. Ol-ma-sı-n-a: ol ni "wà", -ma sọ ọ́ di orúkọ, -sı ni "tirẹ̀", n kàn wà láàárín kí fáwẹ́lì méjì má baà kọ lu ara wọn, -a ni "rağmen" ń béèrè. "Wíwà rẹ̀." Ibo ni "kò" wà nínú rẹ̀? Kò sí. Ohun tó yẹ kó kọ ni ol-ma-ma-sı-n-a. -Ma àkọ́kọ́ ni ìyísódì, ìkejì ni ó sọ ọ́ di orúkọ. Bébà yẹn ni mo gbé lọ bá atúmọ̀ èdè náà tó fi gbà láti tún un ṣe, síbẹ̀ ó gba owó noter lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀kan sí i.

Nítorí náà, jọ̀wọ́, má kọ́ "rağmen" bí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Kọ́ ọ pẹ̀lú ẹni mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, kí o sì to àyísódì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Gitmeme, gitmene, gitmesine, gitmemize, gitmenize, gitmelerine. Lẹ́yìn náà: gitmememe, gitmemene, gitmemesine, gitmememize, gitmemenize, gitmemelerine. Kà á sókè. "Gitmeme rağmen" ni bí mo tilẹ̀ lọ. "Gitmememe rağmen" ni bí n kò tilẹ̀ lọ. Ó ṣòroó pè, mo mọ̀, àwọn ọmọ Tọ́kì pàápàá máa ń kọsẹ̀ níbẹ̀.

Etí tiwa lè ràn wá lọ́wọ́, torí pé àwa ti mọ ohùn òkè yàtọ̀ sí ti ìsàlẹ̀ láti kékeré. Tí -me bá jẹ́ ìyísódì, sílébù tó ṣáájú rẹ̀ ni wọ́n máa ń tẹ̀ mọ́, ohùn á ga lórí "git" fúnra rẹ̀. Tí kò bá sí ìyísódì, ìparí ọ̀rọ̀ ni ohùn ń ga. Fetí sí wọn nínú bọ́ọ̀sì, wàá gbọ́ ọ. Àmọ́ ìwé kì í sọ ohùn, ìdánwò rẹ sì wà nínú ìwé.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá bi mí pé bí gbólóhùn bá ti ní "kò" nínú, kí wọ́n fi "-dığı halde" sọ ọ́. "Tezini bitirmediği halde iş buldu." Ìyísódì dúró gedegbe níbẹ̀, kò sí -ma mìíràn tó jọ ọ́. Gittiğim halde, mo lọ. Gitmediğim halde, n kò lọ. Ká ní "mührü olmadığı halde" ni ọkùnrin yẹn kọ ni, kò sí ẹni tó máa bi mí léèrè èdìdì. "Halde" tún máa ń jẹ́ kí àkókò hàn: "geleceği halde" ni bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń bọ̀ lọ́jọ́ iwájú. "Rağmen" pẹ̀lú -mesi kì í fi àkókò hàn. Bí o bá fẹ́ fi "had not finished" hàn pé ó ti ṣẹlẹ̀ ṣáájú, wàá ní láti na ọ̀rọ̀ náà sí "bitirmemiş olmasına rağmen".

Àmọ́ "halde" kò lè gbé ọ̀rọ̀ orúkọ lásán bíi "yağmur". "Rağmen" ló ń ṣe ìyẹn. Má sì jẹ́ kí "o halde" tàn ọ́, "bó bá rí bẹ́ẹ̀" nìyẹn. "Herhalde" ni "ó jọ bẹ́ẹ̀". "Aksi halde" ni "bí bẹ́ẹ̀ kọ́". Kò sí èyí tó jẹ́ "although" nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nínú àwọn ìwé kan, wàá rí "hâlde" pẹ̀lú fìlà lórí "a". Ọ̀kan náà ni. Wàá sì rí "karşın" níbi tí o ti ń retí "rağmen": "yağmura karşın", "bitirmemesine karşın". Lárúbáwá ni "rağmen" ti wá, "karşın" sì wà lára àwọn ọ̀rọ̀ ilé tí wọ́n ń fi rọ́pò irú wọn láti ìgbà tí wọ́n ti dá Türk Dil Kurumu, àjọ tó ń rí sí èdè Tọ́kì, sílẹ̀ ní 1932. Bí "rağmen" ṣe ń ṣe ni òun náà ń ṣe, kò sí ìyàtọ̀.

Ní ti YDS fúnra rẹ̀: ìbéèrè 80 ni, ìṣẹ́jú 180, kò sí àyè láti máa túmọ̀ gbogbo gbólóhùn kí o tó mú ìdáhùn. Wo ohun tó tẹ̀ lé àlàfo. Bí ọ̀rọ̀ orúkọ tàbí -ing bá ni, despite tàbí in spite of. Bí olùwà àti ọ̀rọ̀ ìṣe bá ni, although tàbí even though. Bí àlàfo bá wà lẹ́yìn àmì ìdánudúró, tí kọ́mà sì tẹ̀ lé e, nevertheless tàbí however ni, èyí tí Tọ́kì ń pè ní "yine de" tàbí "buna rağmen". Ṣọ́ra fún "despite the fact that", gbólóhùn ló ń tẹ̀ lé ìyẹn. "Despite of" kò sí láyé. "Of" ti "in spite of" ló ń fa àṣìṣe náà. Níbi ìtumọ̀ sí Tọ́kì, wọ́n máa ń to àwọn ìdáhùn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bára wọn mu tán. Kí o tó ṣe ohunkóhun, ka iye -ma tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Bí o bá ní ìwé tí o fẹ́ fún atúmọ̀ èdè, gba ẹ̀dà rẹ̀ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ noter. Ìbuwọ́lù atúmọ̀ tó ti búra lọ́dọ̀ wọn ni noter ń jẹ́rìí sí, wọn kì í jókòó yẹ ìtumọ̀ náà wò fún ọ. Bí òǹtẹ̀ bá ti bọ́ sórí rẹ̀, owó mìíràn ni.

Mo ti fẹ́ gbàgbé "even if" tí o béèrè. Nǹkan tí kò tíì ṣẹlẹ̀, tàbí tí a kò mọ̀ bóyá yóò ṣẹlẹ̀, lòun wà fún, -sa bile sì ni: "Yağmur yağsa bile gideceğim", kódà bí òjò bá rọ̀, màá lọ. Even though, òjò ti ń rọ̀ ná. Ohun tó ń da èyí rú ni "-sa da", nítorí ó lè gba ìhà méjèèjì. "Zengin olsa da mutlu değil": ó lówó lóòótọ́, inú rẹ̀ kò dùn. Bí o bá fẹ́ kó hàn gbangba pé nǹkan náà ti ṣẹlẹ̀, fi àkókò tó kọjá sí i, kí o sì gbé "her ne kadar" síwájú: "Her ne kadar çok çalıştıysam da geçemedim", bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ṣiṣẹ́ gan-an, n kò yege. Mo fẹ́ràn "her ne kadar" púpọ̀, torí pé Tọ́kì máa ń fi "rağmen" sí ìparí ọ̀rọ̀, olùgbọ́ kò ní mọ ibi tí ò ń lọ títí yóò fi gbọ́ ọ. "Her ne kadar" ni ó máa ń kéde rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, bíi "bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé" tiwa.

Ó ku ọ̀kan. Ní ilé wa, "bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé" àti "síbẹ̀" máa ń rìn pọ̀, ìyẹn ló ń jẹ́ kí a kọ "although ... but" lédè Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n á sì fagi lé e. Mú ọ̀kan nínú méjèèjì. Tọ́kì kò le tó bẹ́ẹ̀: "Yorgun olmama rağmen yine de gittim", bí ó tilẹ̀ rẹ̀ mí, síbẹ̀ mo lọ, dára. Kódà "gerçi" máa ń fẹ́ "ama" lẹ́yìn rẹ̀: "Gerçi pahalı ama sağlam", ó wọ́n lóòótọ́, àmọ́ ó lágbára.

To "bitirmek" fún ẹni mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, pẹ̀lú ìyísódì àti láìsí ìyísódì, "rağmen" lápá kan, "halde" lápá kejì, kí o gbé e wá síbí. Màá wò ó kí ìdánwò tó dé.